Bí Àwọn Obìnrin Ajégúnlẹ̀ Ṣe Bá Wa Ṣí Ẹnubodè

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí pé báwo ni Èkó ṣe rí. Mo ti dáhùn lójú ọ̀nà odò, mo ti dáhùn nídìí ẹ̀rọ ìlọta, mo tún dáhùn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá tún fẹ́ gbọ́ lọ jókòó kà á.

Èkó tí mo lọ kì í ṣe Èkó inú kàlẹ́ńdà, èyí tó ní afárá àti ilé gíga. Ajégúnlẹ̀ ni mo lọ, lẹ́yìn èbúté Àpápá, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ń gbòde. Ìyá mi ló rán mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun rán mi.

Ọmọ ìlú mọ ohun tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé kì í mọ ẹni tí yóò kà á, nítorí náà n ó là á. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Ìrántí Ogun, arọ́kin ààfin a máa ka orúkọ àwọn tó jà fún ìlú. Bó bá dé ibì kan, a ní: “Àwẹ̀ró nìkan ló dá ẹnubodè ṣí, ogun bá wọlé.” Níbẹ̀ ni gbogbo obìnrin ìran Àwẹ̀ró, àgbà àti èwe, gbọ́dọ̀ yí padà kí wọ́n kọjú sí ògiri ààfin, títí arọ́kin yóò fi kọjá orí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọkùnrin ìran wa kì í yí padà ní tiwọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Wọ́n a dúró, wọ́n a máa wo bàtà wọn.

Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́yìn ìyá mi ni mo ti ń kọjú sí ògiri yẹn. Mo mọ gbogbo ibi tó ti sán. Nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí pèpéle, ni igi ìrókò ńlá wà, èyí tí wọ́n fi ń dábùú ẹnubodè láyé ogun. Ibi tó wà náà ni wọ́n ti ń fi epo pupa pa á lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó ń gbé e, kò kúkú sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbé e ṣe.

Lọ́dún tó ṣáájú ìrìn-àjò mi, bí ìyá mi ṣe ń yí padà, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbé e délé, ó ní, “Bọ́lá, mi ò fẹ́ kó jẹ́ ògiri ni n ó rí kẹ́yìn nílùú yìí.”

Inú mi kì í pẹ́ bí, ẹ mọ̀ mí. Lọ́jọ́ kejì mo gba ààfin lọ. Mo ní ìtàn náà kì í ṣòótọ́. Kábíyèsí fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n Olóyè Jagun, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ jẹ́ aṣọ́nà ẹnubodè, ló dá mi lóhùn: “Ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ mú ẹ̀rí wá.” Kábíyèsí ní kí n mú un wá kí ọjọ́ Ìrántí tó ń bọ̀ tó pé.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀. Màmá Àgbà ni, àbúrò ìyá màmá mi, tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Èkó kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ Àwẹ̀ró ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn ni lọ́jọ́ ogun náà, àwọn tó gbé e sá ló sì sọ ọ́ fún un. Onífọ́tò sì ni mí. Fọ́tò kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé kámẹ́rà kan wà l'Ékòó tó ń gba ìrìn àti ohùn pọ̀.

Ìkúnlẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ní Àpápá ni tírélà. Wọ́n tò láti ọ̀nà èbúté Tin Can títí ojú mi ò fi ká a mọ́, wọn ò sì lọ síbì kankan. Àwọn awakọ̀ ti so ibùsùn mọ́ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fárùngbọ̀n. Ọ̀kan tiẹ̀ ti sá aṣọ sórí táyà. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló débẹ̀. Ó ní òun ti gbàgbé.

Ajégúnlẹ̀ ní tirẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Orí pákó ni ènìyàn ń tẹ̀ wọ àwọn ilé mìíràn. Omi yí wọn ká, síbẹ̀ wọ́n ń ra omi mu. Gbogbo èdè tí ọba òkè dá ló wà ládùúgbò kan ṣoṣo, ti Ìjọ̀, ti Ùròbò, ti Ìgbò, ti Ìlàjẹ, ti Haúsá, wọ́n sì ń fi òyìnbó tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń yé wọn.

Ẹ̀kọ́ ilé mi ni mo gbé dé ibẹ̀. Bàbá kan jókòó níwájú ilé, mo bá kúnlẹ̀ gbọnrangandan, mo ní, “Ẹ káàsán, sà.” Bàbá wò mí sókè sódò. “My sister, I no get change o.” Mo dìde. Mo bá ìyá kan pàdé, mo tún kúnlẹ̀. Òun ní, “Madam, stand up abeg. Who beat you?” Nígbà tó máa fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ ti ń tẹ̀lé mi, wọ́n ń dúró de ìgbà tí n ó tún kúnlẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, ẹ ṣì máa rí ibi tí ìkúnlẹ̀ yẹn wúlò.

Màmá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń dirun fún ẹnìkan. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kí n tó sọ orúkọ mi ló ti ní, “Iwájú orí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, mà.”

“A dúpẹ́. Jókòó nígbà náà.”

Obìnrin tó ń dirun fún náà gbé ojú sókè. Ó ga, apá rẹ̀ sì tó itan mi. Ebiere lorúkọ rẹ̀, Ìjọ̀ ni, yàrá rẹ̀ sì kángun sí ti Màmá. Òun ló ni ilé fídíò àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń wo fíìmù Ṣáínà àti ti Íńdíà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní ẹ̀rọ fídíò méjì. Ó sì ní kámẹ́rà! Inú búùtù ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan tó gba Tin Can wọlé ni kámẹ́rà náà wà, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, níbi tí ọmọ òyìnbó kan ti ń fẹ́ iná orí kéèkì rẹ̀ pa. Mo ní ṣé kí a pa ìyẹn rẹ́ ká lè lo kásẹ́ẹ̀tì náà. Ebiere fà á gbà lọ́wọ́ mi.

“Person pikin birthday? Lailai. Màá ra òmíì.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Àga

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tí Ebiere gbé fún mi, mo rò pé gọ́ọ̀mù ni. Sítáàṣì ni wọ́n ń pè é, ó pọ́n, ó ń fà, ọbẹ̀ ẹyìn pẹ̀lú ẹja tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Òkèlè àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ìka mi, mo gbọn ọwọ́, kò já. Ebiere ní kí n kọ́kọ́ ti ìka bọ epo. Ìgbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, èmi ni mò ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ìgbà wo ni a óò tún sè é. Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí oúnjẹ lẹ́yìn iyán, ẹ ò tíì rìn jìnnà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo bá wá ò lọ. Bí onífọ́tò ni mo ṣe múra rẹ̀. Mo gbé àga tó dára jùlọ nínú ilé síwájú ògiri, mo ní kí Màmá wọ aṣọ àlàárì rẹ̀, mo tan iná sí i lójú, mo ní, “Màmá, ẹ wo kámẹ́rà, kí ẹ sọ ìtàn Àwẹ̀ró fún wa.”

Màmá wo iná, ó wo kámẹ́rà, ó wò mí.

“Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn mí?”

“Kò sí ẹ̀sùn kankan, mà.”

“Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ń gbé ènìyàn jókòó báyìí. Ìtàn wo? N ò rántí ìtàn kankan.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó sùn lórí àga. Ọjọ́ Ìrántí ń sún mọ́lé, ojú ìyá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ààfin kò kúrò lọ́kàn mi. Mo jáde síta, mo ta garawa nípàá, ìka ẹsẹ̀ mi sì wú. Mo jókòó, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ebiere ló bá mi níbẹ̀.

“Who you dey vex for? For old mama?” Ó jókòó tì mí. “Bọ́lá, gbọ́. Bí Mama bá ń dirun fún mi, story no dey finish for him mouth. Awero, Awero. I don hear am tire.”

“O ti gbọ́ kí ni?”

“Awero. The one wey use him back hold door. I think say you sabi am.”

Ẹ wo ìtìjú! Obìnrin Ìjọ̀ ti mọ ìtàn ìyá wa, èmi ọmọ ìyá ò mọ̀ ọ́n. Mo tún rántí pé láàárín orúnkún ìyá mi ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé, òoyà lórí mi, tí mi ò rí ojú rẹ̀. Èwo nínú àwọn ìyá wa ló jókòó sórí àga rí tó wojú ọmọ sọ ìtàn? Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iṣẹ́ fọ́tò débi pé mo rò pé ẹni tí kò bá wo kámẹ́rà ò tíì ṣetán.

Irun

Mo gbé àga kúrò. Màmá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Ebiere jókòó sórí ẹní láàárín orúnkún rẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà. Mo pa iná, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó. Màmá ya irun sọ́tùn-ún, ó ya á sósì. Kò wo ibi tí mo wà rárá.

“Àwọn aṣọ́nà ti sá,” ó ní. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. “Ọjọ́ kẹta ogun nìyẹn, ọ̀tá ti ń gba ẹnubodè iwájú wọlé, ẹyọ ọkùnrin kan ò sí ní ẹnubodè ẹ̀yìn. Àwẹ̀ró bá kó obìnrin mẹ́fà jọ, òun ṣìkeje wọn.”

Kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí irun Ebiere parí, ìtàn dúró. Mo ní, “Màmá, kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ọwọ́ mi ló mọ ìtàn, ẹnu mi kàn ń tẹ̀lé e ni. Orí dà?”

Orí! Mo sáré kiri ilé. Ìyá Ùròbò kan tó ń ta ẹja gbígbẹ jókòó, ìtàn tún gbéra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aránṣọ Ìgbò kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọge Ìlàjẹ kan tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ di tòun, síbẹ̀ tó tú u. Orí mẹ́rin ni ìtàn náà gbà. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú wọn nínú fídíò náà: bí ọ̀rọ̀ bá ti le, wọ́n a di ẹsẹ̀ Màmá mú.

“Obìnrin méje ló gbé igi ìdábùú,” Màmá sọ bẹ́ẹ̀ lórí orí kẹrin. “Wọ́n kó gbogbo ọmọ gba ẹ̀yìn bọ́ sínú oko. Àwẹ̀ró tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ìyá tó bí ìyá mi nìyẹn, ó pọ̀n ọ́n fún ẹlòmíì. Ó ní bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ báyìí, ogun á mọ ibi tí àwọn ọmọ gbà. Òun nìkan ò sì lè gbé igi padà. Ó wá ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó kọjú sí ìlú. Ibẹ̀ ni ọ̀tá bá a. Nígbà tí àwọn tó sá padà dé, òkú rẹ̀ ni wọ́n rí nídìí ilẹ̀kùn tí kò ní ìdábùú. Wọ́n ní òun ló ṣí i fún ogun. Wọ́n kúkú gbọ́dọ̀ rí ẹni tí wọn yóò dì í rù.”

Ọmọge Ìlàjẹ náà ní, “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò padà lọ wí fún wọn?”

“Ta ló bi mí?”

Géètì

Mo rò pé ó ti parí. Ebiere wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ó mi orí. “Dat your chief go say na old woman talk. Make we do am. Ká ṣe é kí wọ́n rí i.”

“Níbo ni a ti máa rí ẹnubodè?”

“For Apapa? Na gate full there.”

Ọjọ́ Ìsinmi ni a lọ, lẹ́yìn ìsìn, tí Warehouse Road dákẹ́. Obìnrin méje ló bá mi lọ láti ilé kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn ọmọ, èmi sì ru kámẹ́rà. A rí ilé ẹrù kan tí géètì onírin rẹ̀ ga, tí ọ̀pá irin ńlá dábùú rẹ̀ láti inú. Mégádì ibẹ̀ jẹ́ bàbá arúgbó Haúsá kan. Ebiere ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ariwo pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi, ara mi ti gba ibẹ̀ lọ kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀: “Ẹ kú ọdẹ, bàbá.”

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín ní gbogbo Àpápá. Ó fọwọ́ kan orí mi. “Dìde, ọmọ mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n kí mi báyìí. Kí lẹ fẹ́ ṣe?” Ó jẹ́ kí a gba ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì wọlé.

A kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é bí arọ́kin wa ṣe ń kà á, kí a wá ṣe ti Màmá tẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró nìkan, òun nìkan ló dá a ṣí. Ebiere pọn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó di ọ̀já, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀pá irin mú, ó gbé e. Kò mì. Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún gbé e. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ebiere tó ń dá gbé jẹnẹrétọ̀! Ó jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

“Dis una arokin,” ó ní, “he don carry gate before?”

Mégádì ní ọkùnrin mẹ́rin ló máa ń gbé e láràárọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára títí dé egungun. Mo rí igi ìrókò orí pèpéle lójú mi, igi tí a ti ń fi epo pa láti ayé baba ńlá wa, tí ẹnikẹ́ni ò gbé wò. Mo kígbe pé kí wọ́n má pa kámẹ́rà, èmi tí kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi. Mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, àwòrán ibẹ̀ ń gbọ̀n títí dòní, n ò sì yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèje gbé e. Ó lọ sókè! Àwọn ọmọ sáré jáde láàárín kọ̀ǹténà, tẹ̀rín tẹ̀rín. Ebiere tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lé ìyá Ùròbò lọ́wọ́, ó ti géètì, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó wo kámẹ́rà tààrà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn awakọ̀ tírélà jáde lábẹ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ilé

Ebiere bá mi padà wálé, ó ní òun ò lè fi ẹ̀rọ fídíò òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà rí i nígbà tó dé: ó ti gbọ́ pé ìlú ìkúnlẹ̀ ni, ó bá ń kúnlẹ̀ fún gbogbo ẹni tó rí, títí kan àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta kí n tó sọ fún un. Gbèsè Ajégúnlẹ̀ ni mo san fún un.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ Ìrántí, a gbé tẹlifíṣọ̀n sí àgbàlá ààfin. Ẹ rántí bí àyè ò ṣe gba ẹsẹ̀. Nígbà tí géètì yọ, Olóyè Jagun dìde.

“Kábíyèsí, ǹjẹ́ kọ̀ǹténà wà láyé ogun? Ta sì ni obìnrin Ìjọ̀ yìí tó ń ṣe Àwẹ̀ró?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ebiere tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí wọn. Kábíyèsí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ dá a padà sí ibi tí kò ti lè gbé e.”

A dá a padà. Ebiere gbé e, kò mì. Ó tutọ́ sọ́wọ́. Kábíyèsí yí ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó wo orí pèpéle, ó pẹ́ níbẹ̀.

“Jagun, gbé igi yẹn.”

“Kábíyèsí, a kì í gbé e.”

“Ta ló ní a kì í gbé e? Gbé e.”

Jagun gbé e, kò lọ. Ó pe àkọ́bí rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń la igi ní sọ́míìlì, àwọn méjèèjì gbé e, etí kan ṣoṣo ló yọ nílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló wá gbé e dé àyà. Jagun jókòó, ó ń wo epo pupa tó kún ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀: “Bàbá mi ò sọ fún mi pé ó wúwo tó báyìí.”

Mo ti múra láti bá a jà. Ìjà náà tán nínú mi.

Lọ́jọ́ kejì, arọ́kin bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ìyá mi dúró sí ibi tó ti ń dúró láti kékeré, ọ̀pá lọ́wọ́. Bí arọ́kin ṣe pe Àwẹ̀ró, mo rí i tí ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, àádọ́rin ọdún ń fà á. Ó dúró. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì kọjú sí gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin ìran wa wò ó, wọ́n sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ebiere náà wà láàárín wọn.

“Àwẹ̀ró àti obìnrin mẹ́fà,” arọ́kin ní, “ló gbé igi ẹnubodè, tí wọ́n kó ọmọ ìlú jáde. Àwẹ̀ró fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.”

Ó mí, ó fẹ́ bọ́ sórí orúkọ tó kàn.

“Ẹ tún un kà,” ni ìyá mi wí.

Arọ́kin wo Kábíyèsí. Kábíyèsí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún un kà.